Látúndé Odeku

Emmanuel Ọlátúndé Àlàbá Ọláńrewájú Odeku, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Látúndé Odeku (a bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1927, ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1974), jẹ́ oníṣègùn, olùkọ́ àti akéwì ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ti iṣan ìmọ̀lára ní àkọ́yanjú, òun náà ni ó sì fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ yìí lélẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UCH, ní ọdún 1962. Ọdún méjìlá péré ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ikú tó dé. Ẹni ọdún 47 ni nígbà tí ó papò dà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ọmọ bíbí ìlú Awẹ́ ni Odeku. Awẹ́ kò jìnnà sí ìlú Ọ̀yọ́, ó sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ rẹ̀, Àlàbá, sọ ipò tí ó wà láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá: ọmọ tí a bí tẹ̀lé Ìdòwú ni à ń pè bẹ́ẹ̀, Ìdòwú náà sì ni ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì.

Ìlú Èkó ni ó ti kàwé ní kékeré. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. John ní Àrólóyà, ní Erékùṣù Èkó, lẹ́yìn náà ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Methodist Boys' High School, tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1878. Ní ọdún 1945, ó yege nínú ìdánwò àṣewọlé Yunifásítì London. Ní àkókò náà kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà, nítorí ọdún 1948 ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di dókítà tí ó gba oyè yunifásítì ní láti sọdá òkun. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni òun gbà lọ.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Yunifásítì Howard tí ó wà ní Washington ni Odeku lọ. Àwọn ènìyàn dúdú ni a dá yunifásítì yìí sílẹ̀ fún lẹ́yìn tí a fòpin sí òwò ẹrú ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà ti jáde. Ní ọdún 1950, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ nípa ẹranko, ó sì wà nínú ipò tí ó ga jù lọ láàárín àwọn tí ó gboyè. Èyí mú kí ó rí ìrànwọ́ owó gbà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì kan náà. Ní ọdún 1954, ó di dókítà. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Kánádà náà fún un ní ìwé àṣẹ.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí ọ̀nà tí ó yàn yìí ti há tó ní ìgbà náà. Ọdún 1953 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ìwé-ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Clarence Sumner Greene ni orúkọ ọkùnrin náà, Howard ni ó sì ti ń kọ́ni ní àkókò tí Odeku jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Bí a bá ní kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan máa wá àpẹẹrẹ ẹni tí ó jọ ọ́ tí ó sì ń la agbárí láti wo àìsàn inú rẹ̀ sàn ní ọdún 1954, bóyá ni yóò rí ẹlòmíràn.

Láti ọdún 1956 títí di 1960, Odeku wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lábẹ́ Edgar Kahn. Ibẹ̀ náà ni Elizabeth Crosby wà, obìnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìmọ̀ rẹ̀ nípa bí a ti to ọpọlọ àti àwọn iṣan ìmọ̀lára pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin yìí, ó padà sí Washington láti kọ́ nípa bí àrùn ṣe ń ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ èyí, lọ́dọ̀ Webb Haymaker. Haymaker yìí àti Barnes Woodhall ni wọ́n jọ kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń dá ìpalára iṣan ìmọ̀lára mọ̀. Ìwé náà jáde ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn kún fún ọmọ ogun tí ìbọn ti já iṣan apá àti ti ẹsẹ̀ wọn. Odeku tún kọ́ni ní Howard fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1961 sí 1962.

Wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí Ìbàdàn lè san lọ. Kò gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ó dé sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọdún tí ó dé gan-an ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di Yunifásítì Ìbàdàn tí ó dá dúró. Ilé ìwòsàn UCH pàápàá kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, nítorí oṣù Kọkànlá ọdún 1957 ni a ṣí i. Kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀ ṣáájú Odeku, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí kókó bá wà nínú ọpọlọ rẹ̀, ọmọ tí omi bá kún orí rẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ gbá tí ẹ̀jẹ̀ sì dì sí abẹ́ agbárí rẹ̀, gbogbo wọn ni ó di pé ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò.

Irinṣẹ́ tí ó wà ní àkókò náà kò jọ ti òde òní rárá. Ẹ̀rọ CT tí ó ń ya àwòrán inú agbárí ní ìpele ìpele kò tíì sí níbikíbi ní ayé. Ọdún 1971 ni a kọ́kọ́ fi ya àwòrán aláìsàn ní London. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń ṣe ni pé yóò tú oògùn tí ó ń hàn nínú X-ray sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, kí ó lè rí bóyá àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ti yẹ̀ kúrò ní àyè wọn. Nígbà mìíràn, a ó fa omi tí ó yí ọpọlọ ká jáde, a ó sì fi afẹ́fẹ́ dípò rẹ̀, kí ihò inú ọpọlọ lè hàn. Àyẹ̀wò yìí máa ń fa orí fífọ́ líle fún aláìsàn. Nítorí náà ohun tí dókítà bá fi ọwọ́ àti ojú rí nígbà tí ó bá ń yẹ ara aláìsàn wò ṣe pàtàkì púpọ̀: ẹsẹ̀ wo ni kò le, ìka wo ni kò mọ nǹkan lára, ojú wo ni kò ṣí. Láti inú àwọn àmì bẹ́ẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti dá agbárí lu.

Ní ọdún 1965, wọ́n sọ Odeku di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tún ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ó sì di ipò Díìnì ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn mú ní yunifásítì náà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ìwé àtìgbàdégbà African Journal of Medical Sciences sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kí àwọn oníwádìí ilẹ̀ Áfíríkà lè ní ibi tí wọ́n ti lè tẹ iṣẹ́ wọn jáde láìjẹ́ pé ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Iṣan ìmọ̀lára àti iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní ìgbà ayé Odeku

Nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, àwọn ènìyàn a máa rò pé inú agbárí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí Odeku kọ́ kan ọpọlọ, ó kan mùdùnmúdùn tí ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì kan àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó ti ibẹ̀ jáde lọ sí apá, ọwọ́, itan àti ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà iṣan máa ń ṣi òǹkàwé lọ́nà nínú èdè wa, nítorí a máa ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ní iṣan, a ń pe ẹran ara tí ó ń fa eegun ní iṣan, a sì ń pe okùn líle tí ó so ẹran mọ́ eegun ní iṣan bákan náà. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni okùn funfun tí ó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ẹran ara pé kí ó gbéra, tí ó sì ń gbé ìròyìn padà pé nǹkan gbóná, ó tutù, tàbí ó ń dunni. Bí ó bá já, ẹran ara tí ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gbéra mọ́, kódà bí ẹran ara náà kò tilẹ̀ ní ọgbẹ́ kankan.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Herbert Seddon, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Oxford, pín ìpalára iṣan ìmọ̀lára sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín yìí jáde ní ọdún 1943, gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sì bá a nílẹ̀. Èyí tí ó fúyẹ́ jù ni pé nǹkan tẹ iṣan mọ́lẹ̀ títí tí kò fi lè gbé ìròyìn mọ́, ṣùgbọ́n kò já. Bí ẹni tí ó sun apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àga tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, yóò sàn fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé àwọn fọ́nrán inú iṣan ti já, ṣùgbọ́n awọ tí ó bò wọ́n ṣì wà ní odindi. Fọ́nrán náà yóò tún hù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, yóò máa tẹ̀lé ihò awọ náà gẹ́gẹ́ bí omi ti ń tẹ̀lé páìpù. Ẹ̀kẹta ni pé ohun gbogbo já pátápátá, fọ́nrán àti awọ. Èyí kì í sàn fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí a la á.

Bí ọ̀bẹ tàbí ìgò tí ó fọ́ bá gé iṣan náà ní mímọ́, oníṣẹ́ abẹ yóò wá orí méjèèjì, yóò sì fi òwú tí ó tín-ín-rín gan-an rán awọ wọn pọ̀ láìjẹ́ kí ó fà. Bí ó bá fà, ojú ibi tí a rán kò ní sàn, àpá ni yóò dí i. Bí ó bá jẹ́ ìbọn tàbí ọkọ̀ ni ó ya á, etí iṣan náà yóò ti jàǹgbá, kò sì ní hàn lójú ẹsẹ̀ bí ibi tí ó bàjẹ́ ti gùn tó. Ó sàn kí a wẹ ọgbẹ́ náà, kí a dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a tó padà wá gé ibi tí ó ti kú kúrò. Nígbà tí àlàfo bá wá wà láàárín, a ó mú iṣan mìíràn láti ibi tí ara ti lè ṣe aláìní i, pàápàá èyí tí ó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, a ó sì fi ṣe afárá. Ohun tí aláìsàn yóò pàdánù ni pé ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kú tipiri, ṣùgbọ́n yóò lè máa rìn.

Ìgbà ayé Odeku ni nǹkan yí padà lórí iṣẹ́ afárá yìí. Tẹ́lẹ̀, èsì rẹ̀ kò dára tó. Láti àárín àwọn ọdún 1960, Hanno Millesi ní Vienna bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí ó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wo iṣan náà bí ó ti ń rán an, ó sì fi hàn pé ohun tí ó ń ba afárá jẹ́ ni fífà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, oṣù márùn-ún kí Odeku tó dé Ìbàdàn, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Boston, Ronald Malt ni aṣáájú wọn, so apá ọmọdékùnrin kan tí rélùwéè gé kúrò padà mọ́ ọn lára. Eegun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n so ní ọjọ́ náà. Iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n fi sílẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án, torí pé òun ni ó ń béèrè sùúrù jù lọ.

Àkókò ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Fọ́nrán iṣan tí ó ń hù kì í ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ lóòjọ́. Ẹni tí iṣan apá rẹ̀ já nítòsí èjìká, tí ó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 60 ni ó wà láàárín ibẹ̀ àti ọwọ́, yóò dúró fún ọjọ́ 600 kí fọ́nrán náà tó dé ọ̀hún, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí kò gba àṣẹ yóò máa gbẹ. Bí ó bá ti tó oṣù 12 sí 18, ó ti ń di àpá, kò sì ní lè dáhùn mọ́ bí iṣan bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe ń mú ẹ̀ka iṣan tí ó wà nítòsí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì púpọ̀, tí wọ́n sì ń darí rẹ̀ sí ẹran ara tí ó ń kú lọ. Bí àkókò bá ti kọjá pátápátá, ó ku kí a fi iṣan sílẹ̀, kí a wá okùn líle kan tí ẹran rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a tú u níbi tí ó dì mọ́, kí a sì lọ so ó mọ́ ibòmíràn. Paul Brand ṣe èyí fún àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore ní orílẹ̀-èdè Íńdíà láti òpin àwọn ọdún 1940, tí ọwọ́ wọn tí ó ti ká kò sì tún ká mọ́.

Ní ilẹ̀ wa, ohun tí ó ń fa ìpalára yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ tí a gún sí ibi tí kò yẹ ní ìdí ọmọdé lè ba iṣan ńlá tí ó lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, kí ẹsẹ̀ ọmọ náà sì máa wọ́ nílẹ̀. Ìṣubú láti orí ọ̀kadà lè fa ọrùn àti èjìká sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbòǹgbò márààrún tí ó ti ọrùn wọ apá fà ya. Bí gbòǹgbò náà bá ti tu kúrò lára mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí orí tí a ó rán mọ́ orí. Iṣan tí a yá láti ibòmíràn nìkan ni ó lè ranni lọ́wọ́. Okùn tí a dì mọ́ apá jù nígbà tí wọ́n ń to eegun tí ó ṣẹ́ náà lè pa iṣan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun àti àwọn tí wọ́n ń tún ara ṣe náà wà níbẹ̀. Fún ẹni tí ó ń gbé ní Kétu, Máìlì 12 tàbí Agboyi ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́, ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 nítorí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó wà ní tòsí.

Ìwádìí àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀

Odeku kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ láàárín ọdún 1961 sí 1974. Ohun tí ó ń rí ní yàrá iṣẹ́ abẹ Ìbàdàn ni ó ń kọ: kókó inú ọpọlọ, ìpalára orí, àbùkù tí a bí mọ́ ọmọ ní orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà ní àkókò náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláìsàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tí ó tíì ka iye àti irú ohun tí ó ń ṣe àwọn ènìyàn ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Adelola Adeloye ni ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1971, àwọn méjèèjì jọ kọ̀wé lórí kókó kan tí a máa ń bí mọ́ àwọn ọmọ ní orí àwùjẹ̀, ibi rírọ̀ tí ó wà lókè iwájú orí ọmọ tuntun. Kókó náà rọ̀, omi ni ó wà nínú rẹ̀, kì í sì wọ inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n nítorí ibi tí ó wà, ó rọrùn kí dókítà rò pé ọpọlọ ni ó yọ jáde láti inú agbárí, kí ẹ̀rù sì máa bà á láti fọwọ́ kàn án. Àlàyé tí wọ́n ṣe fi hàn pé a lè gé e kúrò láìséwu. Títí di òní, orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn oníṣègùn fi ń pe kókó yìí ní ibi púpọ̀ ní ayé.

Benjamin Olúwakáyọ̀dé Oṣùntókun tí kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n tí ó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ àti iṣan, wà ní Ìbàdàn ní àkókò kan náà. Òun àti Odeku jọ kọ̀wé lórí wárápá. Ìwádìí tí Oṣùntókun fi gba òkìkí ni èyí tí ó ṣe ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn àgbàlagbà kan kò ti lè rìn dáadáa mọ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n tí ojú wọn sì ń ṣú. Ó so àìsàn yìí mọ́ oúnjẹ gbágùúdá tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tó, nítorí májèlé sáyánáìdì tí ó kù nínú rẹ̀. Irú ìpalára iṣan yìí kò ní orí méjì tí abẹ lè rán pọ̀, gbogbo fọ́nrán ara ni ó ń kàn. Ibi tí iṣẹ́ Odeku parí sí ni iṣẹ́ Oṣùntókun ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ oríire Ìbàdàn pé àwọn méjèèjì wà nínú ilé kan.

Iṣẹ́ ewì

Láàárín gbogbo iṣẹ́ yìí, Odeku ń kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àkójọ rẹ̀ Twilight Out of the Night jáde ní ọdún 1964, Whispers from the Night sì tẹ̀lé e ní ọdún 1969. Ìbàdàn tí ó ń gbé nígbà náà kún fún àwọn òǹkọ̀wé, Wọlé Ṣóyínká àti Christopher Okigbo wà lára wọn, bóyá ìyẹn ni ó fà á tí àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ti oníṣẹ́ abẹ kan. Òru wà nínú àkọlé méjèèjì, ìyẹn kò sì lè ya ẹni tí ó bá mọ irú àkókò tí wọ́n ń ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lẹ́nu.

Àìsàn àti ikú rẹ̀

Àìsàn àtọ̀gbẹ ni ó ń bá Odeku jà. Àtọ̀gbẹ wà lára àwọn àìsàn tí ó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ jù lọ ní ayé. Ẹsẹ̀ ni ó máa ń mú bẹ̀rẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa ta, lẹ́yìn náà kò ní mọ nǹkan mọ́, kí aláìsàn tó mọ̀ pé ìṣó ti gún òun, ọgbẹ́ ti jinlẹ̀. Ó ń ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, kò sí ẹ̀rọ kékeré tí aláìsàn lè fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé. Ìtọ̀ ni wọ́n ń dán wò, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì sì ni ẹni tí tirẹ̀ bá le ń gún lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ní láti dúró ní ẹsẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí méje lórí ẹnì kan láìjẹun, kò rọrùn fún un láti tọ́jú ara rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Wọ́n gbé e lọ sí London fún ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn Hammersmith ni ó kú sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1974.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Lẹ́yìn náà, Adeloye ni ó bá iṣẹ́ lọ ní Ìbàdàn, ó sì tún kọ̀wé nípa ìgbésí ayé ọ̀gá rẹ̀. Inú àwọn ìwé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Odeku ti wá. Ní Enugu, Samuel Ohaegbulam bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní àárín àwọn ọdún 1970. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, a sì rí àwọn kan lára wọn tí wọ́n ti lọ dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ ní ibòmíràn. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó ti Nàìjíríà, wọn kò tíì pọ̀ tó, ẹni tí iṣan apá rẹ̀ já ní abúlé sì lè lo oṣù mélòó kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè rán an.

Wọ́n sọ ilé ìkàwé ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ní orúkọ rẹ̀, E. Latunde Odeku Medical Library. Inú ọgbà UCH ni ó wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ láti kàwé.